Bọ́tìnnì Abẹ́ Igi Ọsàn

Ẹ̀rọ yẹn ti ń ké láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, láti ìgbà náà sì ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ń fara dà á. Ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí lórí àpótí, ó to àwọn idẹ Ọ̀ṣun rẹ̀ síwájú, ó ti gé ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó ti po eérú mọ́ yanrìn kíkúnná nínú àwo, ó ń fọ ẹ̀gbà ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ló ti ń ṣe é. Ìtìjú gbáà ni kí idẹ ṣú lọ́wọ́ ọlọ́ṣun, kò sì tíì sí ẹni tó lè la ẹnu ní gbogbo Fìdítì pé òun rí idẹ tó ṣú lọ́wọ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Ṣùgbọ́n ariwo yìí! Lẹ́yìn balùwẹ̀, lábẹ́ okùn aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, wùù-wùù, tín-ín! Àwọn adìẹ ti sá wọ ilé onílé.

"Níyì!" ó pariwo. "Ṣé o fẹ́ kí orí mi dàrú ni?"

Níyì ò gbọ́. Ẹ sáà wo àgbà ọkùnrin! Ọ̀ṣunníyì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù ní Jóbẹ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bímọ, òun ló gbé ọ̀pá onírin lọ́wọ́ yìí, tó ń fi àwo róbótó ìdí rẹ̀ gbálẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, tó ń fi gbálẹ̀ lọ sósì, bí ẹni tó ń ṣánko níbi tí koríko ò sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá góòlù lábẹ́ ilẹ̀ ni. Sìrájù ará Ìlọrà ló ni ín. Sìrájù ti fi wá góòlù káàkiri títí, ibà nìkan ló rí gbé bọ̀, ló bá padà sílé, ó ní kí ẹ̀rọ má bàa jókòó lásán, òun á máa fi wá owó àtijọ́. Àìsàn wíwá owó àtijọ́ yẹn ló kó ran Ọ̀ṣunníyì. Láti ìgbà tí òjò ti dá, kò sí ahoro ilé, kò sí ojú ọjà àtijọ́ tí àwọn méjèèjì ò tíì gbẹ́ ní Fìdítì àti Ìlọrà.

Kí ni wọ́n sì ń rí? Ìṣó. Ọmọrí ìgò. Páànù tó ti jẹrà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ á han gooro, Ọ̀ṣunníyì á kúnlẹ̀, á fi ọkọ́ kékeré wa ilẹ̀, á sì fò dìde pẹ̀lú ọ̀nínì oníhò kan tàbí tọ́rọ́ kan tó ti dúdú. Á sáré gbé e wá fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ọ̀nínì! Olówó mi dé! Lọ fi ra ilé sí Ìbàdàn." Ṣùgbọ́n bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, obìnrin náà á mú owó náà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á rántí ìgbà tí òun ń fi irú rẹ̀ ra ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, inú rẹ̀ á sì dùn díẹ̀.

Bọ́tìnnì lohun tí kò fẹ́ rí. Bọ́tìnnì idẹ ara ẹ̀wù sójà. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ mélòó kan létí títì, níbi tí àwọn sójà ti máa ń dá mọ́tò dúró nígbà ogun abẹ́lé. Bí ọwọ́ Ọ̀ṣunníyì bá ti ba bọ́tìnnì, kì í pariwo, kì í sáré. Á kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Á tẹjú mọ́ ọn, á fi àtàńpàkò pa á, á wá rọra gbé e sílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á sì rọ. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ń rí gbogbo rẹ̀ láti orí àpótí. Ó mọ ohun tí ọmọ náà ń wá. Kò bi í rí, ó sì ń bẹ Yèyé Ọ̀ṣun pé kó má rí i.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì. Ọ̀ṣunníyì wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ lórókùn.

"Màámi, mo fẹ́ lọ sí abà lónìí."

"Abà ta ni?"

"Abà bàbá mi."

Ẹ̀gbà idẹ bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi sínú eérú. "Àbọ̀dé ò lábà."

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá Àbọ̀dé ni mò ń sọ."

Ó kúkú mọ̀. "Kí lo gbàgbé síbẹ̀?"

"Àlàkẹ́ ló bá mi sọ̀rọ̀ kan. Àlàkẹ́ ọlọ́sàn tó ń pàtẹ létí títì. Ó ní bàbá òun tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ kó tó kú. Ó ní ó búra."

"Ọ̀mùtí ni bàbá Àlàkẹ́!"

"Ọ̀mùtí náà máa ń ríran, màámi."

Ẹ jẹ́ n yáa sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín kí ẹ yé máa wò mí bẹ́ẹ̀. Fágbèmí lorúkọ ọkọ tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi kọ́kọ́ fẹ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, Fágbèmí wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ó lọ wọṣẹ́ sójà, oyún tó fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ò sì tíì hàn síta. Bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀ lọ. Bárékè ni wọ́n ti fún un lẹ́wù sójà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó wọn lọ sójú ogun, kò wọ ẹ̀wù náà dé Fìdítì rí. Ọ̀ṣúnkẹ́mi bí Ọ̀ṣunníyì. Ọmọ jókòó, ọmọ rìn, a ò gbúròó bàbá. Ìgbà tó yá ni sójà kan tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ wá láti Àwẹ́, ó ní àwọn jọ wà lójú ogun ni, ó ní Fágbèmí ti bógun lọ. Ọkùnrin náà ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn máa ń fi Fágbèmí ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé gbogbo nǹkan tó ní ló ń fi ọ̀bẹ ha àmì sí: ṣíbí rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n ní àmì wo? Ó fi ìka yà á sílẹ̀: ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ìlà kékeré kan nísàlẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Àmì tí Fágbèmí ń ha sí ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ṣòkú láìsí òkú. Wọ́n fi Ọ̀ṣúnkẹ́mi sílé opó títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé, Àbọ̀dé, àbúrò Fágbèmí, sì ṣú u lópó bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ìgbà náà. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bú Àbọ̀dé létí òun, títí di òní. Ó tọ́ Níyì bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, ó kọ́ ilé tí wọ́n wà yìí, kò gbé ọwọ́ sókè sí obìnrin náà rí, wọ́n sì bímọ méjì tí wọ́n wà l'Ékòó báyìí. Ọlọ́run bá wa dẹlẹ̀ fún un.

Ó kù díẹ̀ kí Ọ̀ṣúnkẹ́mi bí àkọ́bí Àbọ̀dé nígbà tí ogun parí. Ọjọ́ kan báyìí ni bàbá Àlàkẹ́, adẹ́mu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀dó sí Fìdítì, ti oko bọ̀, ló ní òun rí sójà kan lábẹ́ igi ọsàn ní abà Fágbèmí. Ó ní sójà náà bi òun pé ta ló ń gbé ilé Fágbèmí báyìí. Òun sì dáhùn bí òun ti mọ̀ ọ́n: òun ò bá Fágbèmí láyé, àbúrò rẹ̀ ló ti gba ìyàwó, ikùn obìnrin náà ti ga, ọmọkùnrin tí olóògbé fi sílẹ̀ sì ń ṣeré kiri. Ó ní sójà náà ò sọ nǹkan kan. Ó gba ife ẹmu kan lọ́wọ́ òun, ó mu ún, ó dúpẹ́, ó sì gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ.

Àwọn àgbà ilé ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló kọ́kọ́ pariwo pé ọ̀mùtí ni, òun ló sì pariwo jù. Kò yé pariwo rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kú. Ẹ bi mí pé èé ṣe. Nítorí pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ti ojú ikú bọ̀, ó dé ẹ̀bá ilé, ó gbọ́ pé ìyàwó òun ò lè dúró, ó sì yí padà. Ta ló fẹ́ gbé irú ẹrù yẹn sórí? Ó sàn kó ti kú. Bí Ọ̀ṣúnkẹ́mi ṣe ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

"Bó bá jẹ́ òun," ni Ọ̀ṣunníyì ń wí, "bọ́tìnnì kan ì bá já bọ́. Nǹkan kan ì bá já bọ́. Ẹni tó ti ogun bọ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ò lè pé."

"Tí o ò bá wá rí nǹkan kan ńkọ́?"

"Màá ti wá a, màámi. Mi ò ní fọ́tò rẹ̀ kan. Mi ò mọ ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá mo jọ ọ́, ẹ ò sì sọ fún mi rí. Gbogbo ilé yìí ni wọ́n ń pè é ní olóògbé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wá. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Inú bí Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Inú bí i gan-an. Ó ṣa idẹ rẹ̀ jọ, ó da omi ọsàn nù, ó pòṣé, ó wọlé, ó pòṣé nínú ilé. Ọ̀ṣunníyì ti ń so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ, ó ti wé gèlè, ó ti gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ṣé ìwọ lo mọ ibi tí ahéré wà tẹ́lẹ̀? Sún síwájú jàre."

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Bí ẹ bá rí i lórí ọ̀kadà, ẹ ó rẹ́rìn-ín: ìyá arúgbó láàárín, ọmọ arúgbó níwájú, ọ̀pá ẹ̀rọ tó yọ sókè lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ Àlàkẹ́, obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè láti kí wọn. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Wọ́n yà kúrò lórí títì, wọ́n la oko ọ̀pẹ̀yìnbó ẹnìkan já, wọ́n sì dé abà.

Abà wo? Igbó ni. Ògiri ahéré ti di ilẹ̀ pátápátá. Ààrò nìkan ló kù, òkúta mẹ́ta tí èèrà ti kọ́lé sí láàárín, àti àwọn igi ọsàn tí èpò ti bò títí dé ọrùn. Wọ́n ti gbó, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín tó ṣì yọ ewé díẹ̀, ó sì so, ọsàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ẹyẹ ti ṣá jẹ.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi ò tíì dé ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Àbọ̀dé ti ṣú u lópó. Kò mọ̀ pé ara òun máa rí báyìí. Ibí yìí ni Fágbèmí mú un wá lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e níyàwó, wọ́n sun ọ̀pọ̀ iṣu, wọn ò sì ṣiṣẹ́ kan tó dáa. Èyí tó wà láàárín yẹn nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀; àwọn tó kù, Fágbèmí ló gbìn wọ́n lójú rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n bá so, àwọn á ti bímọ tó máa gun wọn. Ó máa ń bó ọsàn tí èèpo rẹ̀ ò ní já, á sì fi èèpo náà kọ́ ọ lọ́rùn, á ní ìlẹ̀kẹ̀ olorì nìyẹn. Ọmọdékùnrin lásán ni. Nígbà tó lọ, kò tíì ní irùngbọ̀n tó pọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ju ọjọ́ orí tó fi lọ yẹn lọ báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn sì gba àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà débi pé ó ní láti jókòó sórí òkúta ààrò kan.

"Ṣé kò sí nǹkan, màámi?"

"Tan ẹ̀rọ rẹ. Má bi mí ní nǹkan kan."

Ó tan ẹ̀rọ. Ó bẹ́ èpò díẹ̀ lọ́nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, sósì. Obìnrin tó ti ń ṣépè fún ariwo yẹn láti àárọ̀, òun ló wá ń fi gbogbo ara gbọ́ ọ báyìí. Ó ti mọ ohùn wọn nílé láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ọ: irin a máa kùn nísàlẹ̀, idẹ àti bàbà a máa han lókè. Ẹ̀rọ kùn. Ọ̀ṣunníyì gbẹ́ ẹ, ọkọ́ tó ti jẹ ku ìdajì ni. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọrí ìkòkò. Ó han díẹ̀, Ọ̀ṣúnkẹ́mi na ọrùn, ọ̀nínì kan ló jáde. Ọ̀ṣunníyì ò tilẹ̀ gbé e wá fún ìyá rẹ̀ wò. Òógùn ti bò ó. Ó lọ yí ká ààrò, ó yí ká ibi tí ahéré wà, kò sí. Ọ̀ṣúnkẹ́mi rí i tó ń dúró díẹ̀díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe ní kékeré bí wọ́n bá fẹ́ lé e kúrò nídìí eré. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí igi tó ṣì ń so.

"Abẹ́ rẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń jókòó sí," ó ní. "Ojú gbòǹgbò yẹn. Wọ́n á fẹ̀yìn tì í, wọ́n á kọjú sí ọ̀nà."

Ọ̀ṣunníyì gbé àwo ẹ̀rọ wọ abẹ́ igi. Kò tíì gbá a lẹ́ẹ̀kejì tí ẹ̀rọ fi han gooro, ohùn kan tó mọ́ tónítóní, tó sì ń dún bákan náà bó ti ń tún ibẹ̀ gbá. Ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń wa ilẹ̀, kò rántí ọkọ́. Nígbà tó dìde, ó la ọwọ́ síwájú ìyá rẹ̀. Bọ́tìnnì ni. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bò ó dídì. Lójú bọ́tìnnì náà, nǹkan kan wà tó jọ ìyẹ́ ẹyẹ, irú èyí tó wà lára bọ́tìnnì àwọn sójà etí títì. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Nǹkan ti ha ibẹ̀, ó dájú, ṣùgbọ́n ìpẹtà àti iyẹ̀pẹ̀ ti dí i. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Fóònù tí ì bá fi yà á wò, ó ti kú látàárọ̀. Iná ò kúkú wá láti ìjẹta.

"Ẹ fọwọ́ kàn án wò, màámi. Ṣé àmì yẹn ni?"

Ọ̀ṣúnkẹ́mi fi ìka kàn án. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Gbé mi lọ sílé."

Nílé, Ọ̀ṣunníyì gbé bọ́tìnnì náà sórí ewé kókò kan lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kò fẹ́ kí nǹkan kan kàn án. Ó ní, "Ẹ bá mi mójú tó o. Sìrájù ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọ irú ẹ̀. Mo ń lọ bá a ní Ìlọrà, mi ò ní pẹ́." Kò tilẹ̀ mu omi. Ọ̀kadà rẹ̀ ti dún lọ.

Ó wá ku Ọ̀ṣúnkẹ́mi àti bọ́tìnnì. Ó kọ́kọ́ jókòó jìnnà sí i. Ó dìde, ó ká aṣọ lórí okùn, ó tún padà wá. Ó sún àpótí mọ́ ògiri. Níkẹyìn ó mú un, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kò sì wúwo, kò wúwo rárá.

Kí ni òun fẹ́ gan-an? Bí kò bá sí àmì níbẹ̀, a jẹ́ pé sójà kan tó ń kọjá lọ ni, Fágbèmí kú síbi tí wọ́n ní ó kú sí, opó òótọ́ ni òun, kò sẹ́ni tí òun jẹ̀bi. Ohun tó ti ń bẹ Ọ̀ṣun fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ó wá rí i pé irọ́ ni òun ń pa. Kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ nìyẹn. Ó fẹ́ kí ọkùnrin yẹn ti wá. Kó wá, kó bínú, kó bú òun, kó ní òun ò ṣe mọ́, kó yí padà, kó sáà ti wá! Kó ti rí i pé igi ọsàn rẹ̀ ti so. Kó ti gbọ́ pé ọkùnrin ni ọmọ inú òun. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí Fágbèmí kọ òun sílẹ̀ láàyè, kó lọ fẹ́ ẹlòmíràn níbikíbi, kó bí bẹẹrẹ, ju kó kú sínú igbó kan tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ gidi. Ó ṣẹlẹ̀ lójijì bí ẹni pé àná ló lọ. Obìnrin náà gbé bọ́tìnnì mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ̀yin ni àbí ẹ̀yin kọ́? Ẹ sọ fún mi."

Sìrájù ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Sìrájù ọmọ àná! Idẹ ni, kì í ṣe góòlù. Ta ló mọ ìfọ idẹ ní Fìdítì ju Ọ̀ṣúnkẹ́mi lọ? Gbogbo idẹ tó ṣú, tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà á, ó ń mọ́, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ á sì hàn kedere. Ṣé títí Níyì á fi ti Ìlọrà dé ni òun á máa jókòó wo ìpẹtà? Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ tó kù, ó gé e, ó bu eérú àti yanrìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó fọ̀ ọ́ bó ti ń fọ idẹ Ọ̀ṣun, tìfẹ́tìfẹ́, pẹ̀lú àtàńpàkò, yípo, yípo. Omi ọsàn di àwọ̀ ewé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpẹtà ń bọ́. Ó ń kọ orin kan lábẹ́ ahọ́n, ó ń yí ojú rẹ̀, ó ń yí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì fẹ́ wò ó kó tó mọ́ tán, torí ó fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bu omi ṣan án. Ó fi etí ìró nù ún gbẹ. Ó wá gbé e sínú oòrùn.

Ó ń dán. Ó ń dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ẹyẹ, kò sí ìyẹ́. Ọ̀ṣúnkẹ́mi yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ó dán níbẹ̀ náà. Ó fi ìka pa á, ó fi èékánná pa á, ó gbé e sí ètè. Kò sí ìlà kan lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọ̀ṣunníyì bá a. Ó gbé ìgò òróró ẹ̀pà kékeré kan dání, ó ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Màámi, Sìrájù ní òróró la máa rì í sí, a ò gbọdọ̀ ha á, a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kíkan kàn án. Ó ní idẹ abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán, inú ìpẹtà yẹn gan-an ni àmì wà. Tí ìpẹtà bá lọ..." Ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó rí ọsàn wẹ́wẹ́ nílẹ̀.

"Mo fẹ́ kó hàn ni," ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi wí. "Níyì, mo fẹ́ kó hàn ni."

"Ẹ ti nù ún."

"Bí a ṣe ń fọ idẹ ni mo ṣe fọ̀ ọ́."

"Ẹ ti nù ún, màámi! Ohun kan ṣoṣo!" Ó gbọ́wọ́ lé orí. Kò bú ìyá rẹ̀ rí láyé, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Ṣé ẹ rí nǹkan kan kó tó lọ? Kó jẹ́ ìlà kan ni?"

Ó rọrùn kó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Mi ò rí nǹkan kan," ó ní.

Ọ̀ṣunníyì kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ò tíì rí ẹkún rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti ń lọ sílé ìwé, kò sì mọ̀ pé ẹkún àgbà ọkùnrin lè dun ìyá tó báyìí.

"Níyì," ó ní. "Bàbá rẹ wá."

"Màámi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo ní bàbá rẹ wá."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ ò rí nǹkan kan!"

"Mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo ń sọ pé wọn ò wá, kí ni mo rí?" Ohùn rẹ̀ ti ga. "Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ ni mo fi ń sọ ọ́, o gbà á gbọ́. Gbogbo ilé gbà á gbọ́. Kò sẹ́nì kan tó bi mí rí pé, Ọ̀ṣúnkẹ́mi, kí lo rí? Ojú ló ń tì mí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó tó. Wọ́n wá. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n béèrè wa, wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin ni mo bí. Bó bá ṣe é gbà gbọ́ pé wọn ò wá, ó ṣe é gbà gbọ́ pé wọ́n wá."

Ó dìde kúrò lórí àpótí. Ó gbé bọ́tìnnì sí ibi tó ti dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó tún gèlè ṣe. Ó di ògiri mú, ó sì tẹ orókùn rẹ̀ tí kì í fẹ́ tẹ̀ mọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ kú àbọ̀ o, ọkọ mi," ó ní. "Ẹ kú ewu ogun. A ò mọ̀ pé ẹ ti dé ni. Ẹ má bínú."

Lẹ́yìn náà, láìwẹ̀yìn, ó ní, "Ìwọ náà, wá kí bàbá rẹ."

Ọ̀ṣunníyì wo ìyá rẹ̀, ó wo nǹkan tó ń dán lórí àpótí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó gbé ìgò òróró sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀ náà.

"Ẹ kú àbọ̀, bàbá mi," ó ní. "Ọmọ tí ẹ ò mọ̀ yẹn, èmi ni. Ọ̀ṣunníyì ni wọ́n sọ mí."